Corolla, Camry tàbí Accord: èwo ló yẹ kí n rà fún ìdílé mi ní Ìkòròdú?

Bàbá Ìbejì, Igbogbo

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Igbogbo ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe lápá Ketu. Ìyàwó mi ń ta aṣọ ní ọjà Sábó. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa: ọkùnrin ni àgbà, ìbejì ló tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ èrò ti ń gòkè, tí àwa márààrún bá sì jáde lọ́jọ́ ìsinmi, ohun tí à ń san lálọ àtàbọ̀ ti di ìnáwó gidi. Mo ti gba owó mi nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyàwó mi fi tirẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méje náírà. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn, ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè kínníkínní.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni ọwọ́ mi lè tó, gbogbo wọn ni wọ́n ti lò níbí. Corolla 2008 kan wà ní Ẹ̀búté, òṣìṣẹ́ báǹkì ló ni ín. Camry 2007 kan wà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Muscle, ẹ́ńjìnì 2.4. Ẹ̀kẹta ni Honda Accord 2005, èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, òun náà 2.4.

Mo ti wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Corolla fúyẹ́ lọ́wọ́, ó rọrùn láti yí padà ní àdúgbò tóóró, àmọ́ tí eré rẹ̀ bá ti ń pọ̀, ariwo táyà àti ti ẹ́ńjìnì máa ń wọlé. Camry ní tirẹ̀, àfi bí ẹni jókòó sórí àga pálọ̀. Ó gba kòtò mọ́ra, ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n tí mo bá kọ́ kọ́nà, ara rẹ̀ máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Accord ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mo gbé e láti Agric títí dé Májídùn, ibi tí mo bá kọjú sitiarín sí ló ń lọ, kò fì, kò gbọ̀n. Mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé láti orí títì dé ilé wa, ilẹ̀ pupa ni. Tí òjò bá ti rọ̀, omi máa ń dúró níbẹ̀. A tún máa ń gba ọ̀nà Itoikin lọ kí ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo ló máa gbé ara ró lójú ọ̀nà tiwa, èwo ló máa pẹ́, èwo ni mo lè tà láì pàdánù púpọ̀ tí owó ilé ẹ̀kọ́ bá dé?

Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọmọ Ìpakòdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra Corolla, ẹ má wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lẹ bébà mọ́ gíláàsì rẹ̀ pé ẹ fẹ́ tà á, ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín. Tó bá bàjẹ́ sí Agbowa, ẹ máa rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Táǹkì rẹ̀ gba lítà 50, ti Camry gba 70. Ẹ ronú ọjọ́ tí ẹ máa kún un.

Mẹkáníìkì Odógunyàn

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn, torí owó tí tọkọtaya kó jọ báyìí kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ta tẹ́tẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni mo ti wà ní Odógunyàn. Toyota àti Honda ló ń wá sọ́dọ̀ mi jù, abẹ́ wọn ni mo sì ti ń wò wọ́n.

Ohun tí ẹ rí lára Accord yẹn, òótọ́ ni, ara yín kò tàn yín. Ní iwájú rẹ̀, apá méjì ni Honda fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n ń pè é ní double wishbone. Tí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, tí ara rẹ̀ fẹ́ fì, apá méjèèjì yẹn ló ń di táyà mú kó lè jókòó ṣánṣán sórí títì. Camry àti Corolla kò ní apá òkè. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ló dúró lóòró, apá kan ṣoṣo ló dì í mú nísàlẹ̀, ìyẹn ni MacPherson strut. Ó rọrùn láti tún ṣe, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè di táyà mú bíi ti Accord. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ yín fi mọ ìyàtọ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín. Láti Agric dé Májídùn, ọ̀nà wo nìyẹn? Títì tí wọ́n fẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ọ̀nà BRT láti Mile 12 wọ Ìkòròdú ni, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015. Ẹ kò tíì dán Accord wò lójú ọ̀nà tí ẹ máa gbé e gbà lójoojúmọ́. Gbogbo oríkèé tí ọkọ̀ bá ní ni kòtò ń jẹ. Ẹ ka ti Accord: apá òkè ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tirẹ̀ (oríkèé tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ táyà yí) àti bọ́ọ̀ṣì méjì (rọ́bà tó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra), tìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, ìlọ́po méjì torí ọ̀tún àti òsì, a ò tíì dé ẹ̀yìn o, apá lóríṣiríṣi ló wà níbẹ̀ náà. Ẹ wá lọ wo ẹ̀yìn Corolla. Irin gbọọrọ kan ló so táyà méjèèjì pọ̀, bọ́ọ̀ṣì méjì péré ló gbé e kọ́ ara ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí tí irú Accord yẹn bá ti àdúgbò bíi tiyín wọlé sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn òjò. Mo máa gbé e sókè lórí jáàkì, mo máa ki irin gbọọrọ bọ àárín lówà áàmù, ìyẹn apá ìsàlẹ̀, àti ẹsẹ̀ táyà, mo máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti lè mì, mo ti mọ̀. Tí mo bá tú u, rọ́bà tó bo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ju bí èékánná lọ. Ibẹ̀ ni gíríìsì ti yọ́ jáde, omi ẹrẹ̀ pupa sì gba ibẹ̀ wọlé. Iyanrìn ti wá wà láàárín irin àti irin, ó ń lọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí sitiarín. Ọkọ̀ tó ṣì ń dán lóde nìyẹn o, éésì rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, ẹni tó ń wà á ò sì mọ nǹkan kan títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀bi Honda kọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títì tó tẹ́jú là ń gbé la ẹrẹ̀ kọjá.

Tí a bá wá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ lowó máa ń bá lọ. Ní Ládìpọ̀ ẹ máa rí ojúlówó, ẹ máa rí ayédèrú, páálí kan náà ni wọ́n sì máa ń wà. Ní Òwódé Onírin ẹ lè rí ti ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀. Mo máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra àlòkù tó jẹ́ ojúlówó dípò tuntun tó jẹ́ ayédèrú, torí rọ́bà ayédèrú kì í pẹ́ tó fi ń ya lójú ọ̀nà wa.

Ọ̀rọ̀ Camry. Mo fẹ́ràn ìjókòó rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnì 2.4 tí wọ́n fi sínú Camry 2007 sí 2009, èyí tí wọ́n ń pè ní 2AZ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń jẹ ọ́ìlì. Rìngì pístìn ni ìdí rẹ̀. Ọ́ìlì tó yẹ kó padà sísàlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà padà dáadáa, á wá máa jó pẹ̀lú epo. Toyota fúnra wọn mọ̀, wọ́n ṣe ètò ní Amẹ́ríkà láti bá àwọn oníbàárà wọn pààrọ̀ pístìn àti rìngì tí ọkọ̀ bá ń jẹ ju nǹkan bíi lítà kan lọ láàárín máìlì 1,200. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní Ògólóńtò kò sí nínú ètò yẹn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó bá ń jẹ ẹ́ náà, tí ẹni tó ni ín bá ń fa géèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á ṣì pẹ́. Ẹni tí kì í wò ó ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀, ẹ́ńjìnì á ti nọ́ọ̀kì. Camry 2010 àti 2011 gbé ẹ́ńjìnì mìíràn, 2.5, ìyẹn dára jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín lọ.

Corolla 2008 gbé 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ. Ṣéènì ló wà nínú rẹ̀, kò sí táímìn bẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa máa bẹ̀rù pé ó fẹ́ já. Agbára ẹṣin 126 péré ló ní, Camry ní 158, Accord 160. Jíà rẹ̀ mẹ́rin ni, ti àwọn tó kù márùn-ún, ìyẹn ló fa ariwo ẹ́ńjìnì tí ẹ gbọ́ nígbà tí eré pọ̀. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe wúwo sí. Ó lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù 1,100, Accord lé ní 1,400. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ kì í tètè jẹ bíréèkì páàdì, kì í tètè jẹ táyà, kì í tètè pa ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo ìyẹn ló ń di owó lọ́wọ́ yín.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í béèrè: ọ́ìlì jíà. Mo bẹ yín, ẹ béèrè. Honda ní ọ́ìlì jíà tirẹ̀, Z1 ni tẹ́lẹ̀, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀. Corolla yẹn ń lo Type T-IV, Camry ń lo WS. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, tí wọ́n bá ti rí i pé ó pupa, wọ́n á dà á sí i. Jíà Honda kì í gba irú ìyẹn. Kò ní kú lọ́jọ́ yẹn, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á máa já lulẹ̀ gbì tí ẹ bá fi sí D, ẹ máa wá máa wá jíà tòkunbọ̀ kiri. Tí ẹni tó ń ta Accord kò bá lè sọ irú ọ́ìlì tó wà nínú jíà rẹ̀, ẹ fura.

Tí ó bá jẹ́ èmi, fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún ní Igbogbo, Corolla. Tí ẹ bá ń gbé ẹ̀bá títì, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ orí títì dé orí títì, ǹ bá ní kí ẹ gba Accord.

Dẹ́rẹ́bà Benson

Sienna ńkọ́? Èèyàn méje wọlé pẹ̀lú ẹrù. Bó bá ti jẹ́ 2007 sókè, 3.5 tó ní ṣéènì ni. Èyí tó wà ṣáájú ìyẹn, 3.3, bẹ́ẹ̀tì ló ní, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Mẹkáníìkì Odógunyàn

Dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n V6 ni, ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà. Ẹni tó ń lọ sí Ketu nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ òwúrọ̀ ní Mile 12, tí kì í ṣe èrò ló ń gbé, epo á jẹ owó oṣù rẹ̀ tán. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá ju márùn-ún lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Itamaga

Bàbá Ìbejì, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin àti ọ̀gá mẹkáníìkì ti sọ̀rọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí ẹnì kankan ò dárúkọ.

Toyota Matrix ni mò ń wà. Òun ni mo fi ń lọ ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, Itoikin náà ni mò ń gbà, òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnì Corolla yẹn gan-an ló wà nínú rẹ̀, 1.8, orí ìsàlẹ̀ Corolla ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ohun tí mekáníìkì bá rà fún Corolla lápá ẹ́ńjìnì, ó bá tèmi mu. Kò sí ìgbà kan tí mo béèrè sípéà rẹ̀ tí wọ́n ní kò sí.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni inú rẹ̀. Tí mo bá ti dá àga ẹ̀yìn rẹ̀ bolẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn á tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn àwọn àga náà sì jẹ́ rọ́bà líle, kì í ṣe aṣọ. Mo máa ń kó agbọ̀n ẹja gbígbẹ sí i, tí omi ẹja tútù bá sì ta sílẹ̀, àkísà àti ọṣẹ ni mo fi ń nù ún, òórùn ò ní dúró. Kódà àga ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà máa ń wó lulẹ̀ síwájú, tí ẹ bá fẹ́ gbé pákó tàbí ọ̀pá kọ́tìnì gígùn fún ìyàwó yín, ó máa wọlé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyàwó yín tó ń ta aṣọ, bọ́ńdù aṣọ kì í ṣe nǹkan tí búùtù Corolla ń gbà bọ̀rọ̀. Ẹ rò ó wò.

Pontiac Vibe wà pẹ̀lú, òun àti Matrix yìí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Toyota àti General Motors ló jọ ṣe wọ́n. Orúkọ Pontiac ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ torí ẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kò nídìí, tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ ó rí ẹ́ńjìnì Toyota.

Àìdáa rẹ̀: òpó ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tí ẹ bá ń fi rìfáásì, ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ tà á, kò yá tó Corolla. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ rà á náà, ẹ ò san tó owó Corolla.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ita-Elewa

Ẹ dákun o, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀ṣì àti jíà, ẹnì kankan ò mẹ́nu ba eàbáàgì, àpò tó ń fẹ́ jáde láti gba èèyàn mọ́ra tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára torí ọmọdé wà nínú rẹ̀.

Accord 2003 sí 2007 àti ọ̀pọ̀ Corolla ìgbà yẹn wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ké sí padà fún àtúnṣe nítorí eàbáàgì tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe. Kẹ́míkà tó ń fẹ́ àpò yẹn, ammonium nitrate, tí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a fún ọdún púpọ̀, ó máa ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, dípò kí àpò náà fẹ́ bó ṣe yẹ, agolo irin tó wà nínú rẹ̀ máa bú gbàmù, àfọ́kù irin á fò jáde sí ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó síwájú. Ó ti pa èèyàn ní Amẹ́ríkà àti ní ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n ń ké sí àwọn ọkọ̀ náà, ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi Florida ni wọ́n kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ wá ro Ìkòròdú tó wà létí ọ̀sà, tí ọkọ̀ ń jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Ẹ kọ VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá dẹ́rẹ́bà, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, ó máa sọ bóyá àtúnṣe kan ṣì kù lára ọkọ̀ náà. Tí eàbáàgì bá ṣì wà lára ohun tó kù, ẹ kàn sí aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìbejì, ẹ̀yìn ni kí wọ́n máa jókòó o, kí wọ́n de bẹ́líìtì. Mo ti rí ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Mẹkáníìkì Odógunyàn

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ṣáájú nìyẹn, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún ti VIN. Tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni Kánádà. J ni Japan. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 7 ni 2007, 8 ni 2008, A ni 2010. Tí ẹnì kan bá ní ọkọ̀ òun jẹ́ 2008, tí ipò kẹwàá sì jẹ́ 6, ẹ mọ irú ẹni tí ẹ bá pàdé. Ẹ fi wé èyí tó wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, kí ẹ tún fi wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu.

Bàbá Ìbejì, Igbogbo

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì wí. Mo bẹ ẹni tó ni Accord, ó jẹ́ kí n gbé e dé iwájú ilé wa. Nígbà tí mo kúrò lórí títì, mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kò-kò-kò lápá òsì iwájú. Ní Májídùn, kò dún rárá. Ó ní linkage lásán ni, irin kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀, pé òun máa bá mi ṣe é, ó tún ní òun máa yọ owó díẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í nípa ọ́ìlì jíà, ó ní mẹkáníìkì òun ló mọ̀.

Mo gbé Corolla náà gba ojú ọ̀nà kan náà. Kò dún. Àmọ́ tí mo bá tẹ bíréèkì nígbà tí eré pọ̀, sitiarín máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo tẹ VIN rẹ̀ sí ibi tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí, kò sí àtúnṣe kankan tó kù.

Ìyá wa ní Itamaga, mo sọ ọ̀rọ̀ Matrix fún ìyàwó mi, ó ní kí n wá a. Ó ti ń wọn bọ́ńdù aṣọ lójú inú.

Ọ̀gá mi, kí lẹ rí sí ariwo Accord yẹn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọkàn mi ò tíì kúrò lára rẹ̀.

Mẹkáníìkì Odógunyàn

Ó lè jẹ́ linkage lóòótọ́. Linkage kì í wọ́n, kò sì le láti pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́. Tó bá jẹ́ linkage, ó máa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá wọ kòtò kékeré tí èkejì ò sì wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ẹ dúró sójú kan, kí ẹ yí sitiarín dé ọ̀tún, kí ẹ yí i dé òsì, ó máa dún kéú tàbí kó han bí irin tó gbẹ. Ti bọ́ọ̀ṣì lówà áàmù máa ń wúwo, ẹ máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni mo ń bẹ̀rù jù, torí tó bá já lójú ìrìn, táyà á dojú bolẹ̀. Ẹ ò ní fi ìyẹn gbé ọmọ.

Ohun tó mú mi fẹ́ kí ẹ fi Accord yẹn sílẹ̀ kì í ṣe ariwo náà. Ìdáhùn rẹ̀ lórí ọ́ìlì jíà ni. Ẹsẹ̀ iwájú, a lè tún un ṣe tán lọ́jọ́ kan. Jíà Honda tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n ti dà sí i, mi ò lè fi owó yín dúró fún un. Bó ti wù kó dùn wà tó.

Ti Corolla, sitiarín tó ń gbọ̀n tí ẹ bá tẹ bíréèkì, dísìkì iwájú ni. Kò tẹ́jú mọ́. Wọ́n lè fá a tí ó bá ṣì nípọn, tí kò bá nípọn mọ́ a máa ra méjì. Ẹ fi ìyẹn dá owó rẹ̀ lulẹ̀ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ báǹkì yẹn, ẹ sọ fún un pé dísìkì àti páàdì ló kù. Kò ní lè jiyàn torí ọwọ́ òun náà á ti mọ̀ ọ́n.

Mo ṣì fẹ́ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi í sí àárọ̀ Satidé. Mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní tútù, ẹ sọ fún un kó má sítáàtì rẹ̀ kí n tó dé, kó má sì fọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti fọ̀ ọ́, mi ò ní mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Mo fẹ́ fa géèjì kí n rí ọ́ìlì rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, mo fẹ́ dúró sẹ́yìn sáléǹsà nígbà tó bá kọ́kọ́ sítáàtì, torí èéfín búlúù máa ń jáde nígbà yẹn, tó bá ti gbóná tán kò ní fara hàn mọ́. Mo máa fa bẹ́líìtì àga rẹ̀ jáde dé òpin kí n gbóòórùn rẹ̀. Ọkọ̀ tí omi ti bò, bíi àwọn tí ìjì Harvey rì ní Texas lọ́dún 2017, ẹrẹ̀ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀ kódà tí wọ́n bá ti fọ gbogbo inú rẹ̀. Mo máa mú scanner mi dání.

Bàbá Ìbejì, Igbogbo

Ó ti yé mi, ọ̀gá mi. Mo ti pe òṣìṣẹ́ báǹkì náà, ó gbà fún aago méje àárọ̀ Satidé ní Ẹ̀búté, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún ẹni tó ni Accord pé kó má dúró dè mí mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Itamaga

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ti Ẹ̀búté kò bá yọrí, ẹ má kánjú ra òmíràn. Ọmọ àdúgbò wa kan fẹ́ ta Matrix 2006 rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń lò ó, mo sì mọ ibi tó ti ń ṣe sábíìsì. Ẹ mú ìyàwó yín wá, kó gbé bọ́ńdù aṣọ kan dání, ká fi dán ẹ̀yìn rẹ̀ wò.